Tuner Kì í Ṣe Àgbo Jẹ̀díjẹ̀dí

Ó ti tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin mẹkáníìkì alùpùpù ìlú Ìkòròdú, ẹ̀yin tí ẹ ń ta tuner, àpótí kékeré tó ń yí iye epo tí ẹ́ńjìnnì báìkì ń mu padà, lórí fóònù, ẹ̀yin oníbáìkì tí ẹ ń rà á láìbèèrè ohun tó wà fún, gbogbo yín lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Láti Sábó dé Odógúnyàn, láti Agric dé Ìjẹdẹ̀, ẹnu kan náà lẹ fi ń sọ̀rọ̀. Báìkì ń jáàkì? Tuner. Ó ń gbóná jù? Tuner. Ó ń mu epo jù? Tuner. Ó ń yìnbọn ní sàlẹ́ńsà? Tuner náà ni. Ṣé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é fún yín ni, tó ń wo ìdí, tó ń wo ẹ̀yìn, tó tún ń la ojú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ ná. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Boxer àti TVS tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn kiri ìlú wa, kábúrétọ̀ ló ń fún wọn ní epo. Kò sí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà báìkì, tó ń darí epo níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta tuner epo fún ọlọ́kadà onírú báìkì bẹ́ẹ̀, gbájúẹ̀ ni, ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún un.

Báìkì ńlá tókunbọ̀ tó ní ínjẹ́kítọ̀, ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ̀yin mẹkáníìkì ń pè ní nọ́sù, lọ̀rọ̀ wà fún. Brain box ló ń pinnu bí nọ́sù ṣe máa ṣí pẹ́ tó. Ó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bí ọwọ́ iná (throttle) ṣe ṣí tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí àti bí ooru ṣe pọ̀ tó. Tuner wá jókòó sí àárín òun àti nọ́sù. Bí brain box bá ní kí nọ́sù ṣí fún mílísẹ́kọ́ńdì 4, tí tábìlì inú tuner, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà epo tó ń tẹ̀ lé, sì ní kí á fi 10% kún un, nọ́sù á ṣí fún 4.4. Iṣẹ́ tuner parí síbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá epo wà ní páìpù. Kò mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ti kú. Ohun tó bá nílẹ̀ ló ń ṣírò lé lórí.

Ohun tó wà nílẹ̀ yẹn gan-an lẹ kì í wò! Ọ̀pọ̀ báìkì Japan tó ní ínjẹ́kítọ̀ ń fẹ́ kí epo máa ti páìpù ní nǹkan bíi psi 43 sí 50 (psi ni ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì). Ìwé báìkì kọ̀ọ̀kan ló máa sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Géèjì la fi ń wò ó. Mélòó nínú yín ló ní géèjì epo nínú àpótí irinṣẹ́? Ìka lẹ fi ń di ẹnu páìpù, ẹ ó ní, "Ó ń tì dáadáa." Ìka wo ló mọ psi? Bí fíltà inú tánkì bá dí, tí 43 já sí 30, epo tó ń jáde lẹ́nu nọ́sù ti dín ní nǹkan bíi 16%. Ẹ wá gbé tuner lé e, ẹ fi 5% kún un. Báìkì ṣì jẹ gbèsè bíi 12%. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí ọwọ́ iná tán, tí pọ́ọ̀ǹpù kò lè bá a mọ́, gbèsè á tún lé sí i: afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré, orí písítìnì á gbóná títí á fi yọ́. Bẹ́ẹ̀, fíltà yẹn kò ju ká tú pọ́ọ̀ǹpù kúrò nínú tánkì, ká pààrọ̀ rẹ̀, ká sì nu ìpẹtà tó wà ní ìsàlẹ̀ tánkì. Báìkì tó ti pẹ́ lórí omi, tó tún pẹ́ ní wọ́ọ̀fù, tánkì rẹ̀ kì í sábà mọ́.

Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ń rà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ìlà bá gùn ní ilé epo ńkọ́? Ẹ rántí Oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí ọkọ̀ ń kú káàkiri. Ìwọ̀n petrol kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Methanol kan, bíi 6.4 péré ló ń fẹ́. Nítorí náà, bí methanol bá wọ epo, báìkì nílò epo tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún afẹ́fẹ́ kan náà. Tábìlì tí wọ́n fi epo mìíràn ṣe kò lè mọ ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ da epo tó wà nínú tánkì sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ títí yóò fi tòrò. Omi á lọ sílẹ̀, ẹ ó fojú rí i. Methanol ní tirẹ̀ lè fara pamọ́ sínú epo, nítorí náà ẹ da èyí tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀ nù, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Wáyà wá ńkọ́! Ibi wáyà yìí ló yẹ kí á ti fi àwọn rewáyà kan sùn ní kọ́ọ̀tù. Tuner gidi, wọ́n ti ṣe orí wáyà rẹ̀ kó bá ti nọ́sù mu. Ẹ yọ orí wáyà báìkì kúrò lára nọ́sù, ẹ ki ti tuner sí nọ́sù, ẹ ki ti báìkì sí ti tuner, ó tán. Kò síbi tí ìwé rẹ̀ ti ní kí ẹ mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí nọ́sù, a ní láti tú àga, ká gbé tánkì, ká tú ilé air cleaner, iṣẹ́ sípánà 8 àti 10 àti Allen key 4 àti 5. Ìyẹn sú yín. Ẹ gé wáyà lágbedeméjì, ẹ fi eyín bó o, ẹ lọ́ ọ pọ̀, ẹ fi téèpù dúdú wé e. Ẹ́ńjìnnì gbóná, lẹ́ẹ̀ tó wà lára téèpù yọ́. Atẹ́gùn ọ̀sà láti Ẹbúté wọlé, kọ́pà bẹ̀rẹ̀ sí í hu àwọ̀ ewé. Òjò Oṣù Kẹfà ló máa parí iṣẹ́ yín. Bó bá di dandan kí á so wáyà mọ́ wáyà, bíi wáyà sẹ́ńsọ̀ ọwọ́ iná tí àwọn tuner kan ń bèèrè, òjé ni kí ẹ fi jó o, kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì nínú ooru bò ó.

Wáyà ilẹ̀ (earth) tuner, orí négátíìfù bátìrì gan-an ló ń lọ. Ẹ kì í gbọ́. Ẹ ó wá nọ́ọ̀tì kan lára férémù tí wọ́n ti kùn lọ́dà, ẹ ó so ó mọ́ ọn. Ọ̀dà kì í gbé iná! Tuner á máa kú, á máa jí, báìkì á máa jáàkì nígbà tí kò yẹ, ẹ ó sì ní kí oníbáìkì lọ ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin.

Báìkì onísílíńdà mẹ́rin tún ní tirẹ̀. Orí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra. Bí ẹ bá gbé ti sílíńdà kìíní fún ìkejì, báìkì á ṣì jí, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní mọ̀. Ṣùgbọ́n epo á máa dé nígbà tí kò tọ́, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí báìkì dúró (slow) á rí wúruwùru. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí wọn kí ẹ tó yọ wọ́n. Nígbà tí ẹ bá sì ń dá ilé air cleaner padà, ẹ wo àwọn rọ́bà tó so ó mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ po, afẹ́fẹ́ tí kò gba air cleaner kọjá á wọlé, pẹ̀lú eruku rẹ̀. Rọ́bà tí tánkì fi ń mí náà, ẹ má fi tánkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tánkì tí kò rí èémí á dá epo dúró lẹ́yìn máìlì díẹ̀, tuner ni wọ́n á sì dá lẹ́bi.

Ká má tíì sọ ti iná. Epo ṣì wà nínú páìpù pẹ̀lú agbára lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa báìkì. Ẹ yọ orí wáyà pọ́ọ̀ǹpù, ẹ ta báìkì títí á fi kú fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà ẹ yọ négátíìfù bátìrì, kí ẹ tó fọwọ́ kan páìpù. Ẹ ń tú páìpù epo lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, nígbà tí ìyá alákàrà ń koná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù!

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà ló tún máa ń fà á tí ẹ fi ń dá tuner lẹ́bi. Nígbà tí báìkì bá ń lọ jẹ́jẹ́, sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń ròyìn fún brain box kí afẹ́fẹ́ àti epo lè dúró ní bíi 14.7 sí 1. Ẹ fi 8% kún epo níbẹ̀, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Sẹ́ńsọ̀ rí epo tó pọ̀, ó fẹjọ́ sùn, brain box yọ ọ́ padà. Tuner ń bù ú sí i, brain box ń bù ú kúrò, ẹ̀yin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ń pariwo pé ayédèrú ni. Àwọn tuner kan ń bá ohun kékeré kan wá tí a ń fi dípò sẹ́ńsọ̀ náà lórí wáyà. Òun lẹ máa ń dà nù pẹ̀lú ọ̀rá páálí.

Àwọn tó ń ta tábìlì epo lórí WhatsApp, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. "Map (tábìlì) 2009 ni, ó máa gbà á." Ti orílẹ̀-èdè wo? Sàlẹ́ńsà wo? Air cleaner wo? Báìkì tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù lè jọra bí ìbejì kí brain box wọn má dọ́gba. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù níbi ọrùn báìkì: lára ti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún, 9 ni 2009, A ni 2010. Tábìlì tó wà fún sàlẹ́ńsà tó ṣí gbayawu kò yẹ sàlẹ́ńsà tó bá báìkì wá. Epo á pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú bí èédú, epo á sì wọ inú ọ́ìlì. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, ta ló ń rí owó da epo sínú sàlẹ́ńsà?

Ẹ sì sọ fún tuner ibi tí ọwọ́ iná ti dí pátápátá àti ibi tó ṣí tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ẹ bá fò ó, báìkì tó dúró lè máa mu iye epo tó yẹ báìkì tí wọ́n ti ń fún níná.

Nígbà tí ẹ bá wá parí gbogbo rẹ̀, etí lẹ fi ń dán an wò. Ẹ gbé e sójú ọ̀nà Ṣágámù láàárín tírélà àti kòtò, ẹ fún un níná, ẹ ní, "Ó ti le!" Ariwo ló le. Sẹ́ńsọ̀ wideband, èyí tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo kan, la fi ń wò ó: níbi tí ọwọ́ iná ṣí tán, nǹkan bíi 12.8 sí 13.2 ló dáa fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ń sún mọ́ 14 níbẹ̀, ẹ tètè pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù tún ohun tó wà nínú brain box kọ dípò kí ẹ so tuner, wàhálà tiyín yàtọ̀. Bátìrì tí kò dé 12.6 volt nígbà tó jókòó, ẹ fi ń kọ ọ́. Láptọ́ọ̀pù tó ń lo iná NEPA tààrà, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹ fi ń kọ ọ́. Iná lọ ní ìdajì, brain box di bíríkì, ẹ ní iṣẹ́ olóyìnbó ni kò dáa.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni owó tí ẹ ń gbà láti yọ tuner. Tuner tí wọn kò gé wáyà fún, ẹ yọ orí rẹ̀, ẹ ki orí wáyà báìkì padà sí nọ́sù, báìkì ti padà sí bó ṣe wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi eyín bó wáyà lánàá ló tún máa gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbáìkì lónìí, láti fi téèpù dúdú mìíràn wé e.