Kì í ṣe ká kàn tún ohùn ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní pípààrọ̀ okùn gìtá béèsì kò ju ká tún ohùn rẹ̀ ṣe lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí okùn tuntun bá jẹ́ irú kan náà, tó sì nípọn bíi ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ yín lè jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò lórí okùn 45–105 bọ́ sí 50–110 (nọ́ńbà ìnípọn okùn, láti èyí tó tín jù dé èyí tó nípọn jù) ti fi kún agbára tó ń fa ọrùn gìtá: ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga. Truss rod, ìyẹn ọ̀pá irin inú ọrùn gìtá tó ń mú un dúró, lẹ ó kọ́kọ́ fún le, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ohùn ṣe kẹ́ ẹ tó wò ó. Gíga okùn níbi bridge, níbi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, ló kàn. Yíyẹ ohùn wò ní fret 12, ìlà irin kejìlá lórí ọrùn, ló kẹ́yìn: ẹ tẹ okùn níbẹ̀; bí tuner, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, bá ní ohùn ibẹ̀ ga jù, ẹ sún saddle, irin kékeré tí okùn gbé lé lórí bridge, sẹ́yìn, kó jìnnà sí ọrùn. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é.