Ẹ Dá Orin Náà Padà Sórí Rédíò

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2025, lẹ́tà kan jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ NBC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n káàkiri Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé orin tuntun tí Eedris Abdulkareem kọ, ìyẹn “Tell Your Papa”, sáfẹ́fẹ́. Eedris fi orin náà ránṣẹ́ sí Ṣèyí Tinúbú, ọmọ Ààrẹ, pé kí ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìyà ń jẹ ará ìlú, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ lójú ọ̀nà. Àjọ náà ní orin yìí kò bójú mu, wọ́n sì tọ́ka sí ìlànà tó ń darí iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Wọn kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Olórin kan náà ni wọ́n gbé “Jaga Jaga” rẹ̀ kúrò lórí rédíò nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn.

A fẹ́ kí àjọ NBC fagi lé lẹ́tà yìí, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú fífi lẹ́tà lé orin kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn orin Eedris lómìnira láti yí bọ́tìnì rédíò rẹ̀. Ohun tó ká wa lára ni pé lórílẹ̀-èdè yìí, orin ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ẹni tó bá lé orin kúrò létí wọn ti mú nǹkan kan kúrò nínú ìrántí wọn.

Ẹ gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Abẹ́òkúta, olórin àpàlà. Awakọ̀, alápatà, ìyá ọlọ́jà, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé ìròyìn, àwọn ló ń ra àwo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ka àwọn ará ìlú ní 1973, Àyìnlá kọrin sí i. Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní 1975, tí gbogbo ohun tó wà lọ́jà sì fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún kọrin sí i. Ìjọba Murtala wọ́gi lé èsì ìkànìyàn yẹn lọ́dún 1975 kan náà, iye tí wọ́n kà di òfo. Àwo Àyìnlá ṣì wà, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sì lè kọ ọ́ láìwo ìwé.

Ọ̀rọ̀ Hubert Ògúndé, olórí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, ló yẹ kí a jókòó tì jù. Lọ́dún 1945, tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí Michael Imoudu sì wà níwájú wọn, Ògúndé fi eré olórin “Strike and Hunger” sọ ìyà tó jẹ wọ́n. Ọlọ́pàá ni òun fúnra rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fòfin de eré náà ní Jos. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé gbé “Bread and Bullet” jáde, wọ́n sì fòfin de ìyẹn ní Kano. Ìjọba òyìnbó ló ṣe gbogbo èyí, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nígbà tó di 1964, àwọn tiwa ló ṣe é. Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1963. Akíntọ́lá ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ́ Action Group ti pín sí méjì, ọmọ ìyá kan náà kò sì fẹ́ jẹun pọ̀ mọ́ nítorí òṣèlú. Ògúndé wá gbé “Yorùbá Ronú” síwájú Akíntọ́lá gan-an: ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ọba náà fi bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Akíntọ́lá dìde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí eré tó parí. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn fi pàṣẹ pé ẹgbẹ́ Ògúndé kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi lábẹ́ àkóso wọn. Ògúndé fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, ó pè é ní “Òtítọ́ Korò”. Ìjọba ológun tó dé ní 1966, lábẹ́ Fájuyì, ló tó ká àṣẹ náà kúrò. Akíntọ́lá ti kú nígbà náà.

Láti ìgbà yẹn, kò sí àsìkò ìbò tí a kò ní gbọ́ orin “Yorùbá Ronú” nílẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń wá ìjọba ń lò ó, èyí tó wà lórí oyè ń lò ó, kálukú á sì ní òun ni Ògúndé ń gbè lẹ́yìn. Ó ń dùn wá nígbà tí a bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀. Orin tó ní ọjọ́ orí, tó ní ẹni tó bínú sí i, tó ní òfin tó gbógun tì í, ti wá di ariwo ìpolongo lásán.

Ti Fẹlá kò nílò àlàyé púpọ̀. Lẹ́yìn tó ti fi “Zombie” sọ irú èèyàn tí sójà jẹ́, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Kalakuta, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Màmá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìwádìí tí ìjọba ṣe parí sí pé àwọn sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe iṣẹ́ ibi náà. Fẹlá sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an di orin, “Unknown Soldier”. Ìwé ìgbìmọ̀ ìwádìí náà, àwọn díẹ̀ ló tíì rí i. Orin ló sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Àwọn tó bí wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún orin. Ní Kétu, tó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, àti láàárín àwọn Yewa, òru Èfè ló máa ń ṣáájú ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lóru yẹn, Èfè á bọ́ sójú agbo, á máa fi orin tú àṣírí ẹni tó ṣe ohun tí kò dára nílùú, ì báà jẹ́ olóyè. Olóyè á jókòó, á gbọ́ ọ. Nígbà ọdún Òkè'Bàdàn, orin èébú ni ará ìlú ń kọ káàkiri ìgboro, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa bi wá: ṣé kí olórin wá máa sọ ohunkóhun tó bá wù ú ni? Rárá. Bí orin bá ní kí a lọ pa ẹ̀yà kan, tàbí tó fi irọ́ ba ẹnìkan lórúkọ jẹ́, ilé ẹjọ́ wà fún un. Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Adájọ́ ló yẹ kó sọ ibi tí ẹ̀tọ́ yẹn bá pin sí, kì í ṣe ọ̀gá iṣẹ́ kan pẹ̀lú kálàmù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹkki, níbi tí sójà ti yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS, NBC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé Channels, AIT àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé àjọ náà kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, nítorí pé wọn kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ta tiẹ̀ ni lẹ́tà oṣù kẹrin yẹn dí létí? “Tell Your Papa” kò kúrò lórí YouTube. Ẹni tó ní fóònù tó dára, tó rówó ra dátà, gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ìyá tó ń dín àkàrà, tí rédíò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbádá rẹ̀, òun ni kò gbọ́ ọ. Owó epo rẹ̀ àti owó ẹ̀wà rẹ̀ sì ni orin náà ń sọ.

Kí àjọ NBC kọ lẹ́tà mìíràn sí àwọn ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́. Kí Mínísítà fún ètò ìròyìn, tí àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀, rí i pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi àwo sí i, ẹ lo ìṣẹ́jú méjì láti sọ ọdún tí orin jáde, ohun tó bí i, àti ẹni tó bínú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí “Yorùbá Ronú”. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa nípa olórí tó dìde kúrò nídìí eré lọ́jọ́ náà, àti nípa Ògúndé, ọmọ Òsósà, tí kò lè ṣeré ní Ìjẹ̀bú títí ọdún 1966 fi dé.