Ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀: ìkéde láìsí owó ìtọ́jú kò tó

Ní Carenque, lẹ́bàá ìlú Lisbon lórílẹ̀-èdè Potogí, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ dáínósọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ tó ti kú run, lọ́dún 1986. Ó tò tẹ̀ léra lórí òkúta ẹfun, ó sì gùn ju 120 mítà lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀ gba ibẹ̀. Galopim de Carvalho, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, fi igbe ta, àwọn aráàlú gbè é lẹ́yìn, ìjọba sì gbà. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, ojú ẹsẹ̀ sì wà lókè láìfarapa. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ síbẹ̀ kò dìde, igbó sì gba ibẹ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí kò mú méjì dání: ìjọba tó bá kéde pé irú ibẹ̀ di ohun àjogúnbá, tí kò ya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀, kò tíì dáàbò bo ohunkóhun.

Ẹ wo bí ó ti ṣòro tó kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wà rárá. Etí òkun kan tẹ́ pẹrẹsẹ, omi rẹ̀ kò jìn, ẹrẹ̀ funfun ń rọra wọlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹranko kan tó wúwo ju erin lọ sì gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹrẹ̀ náà bá rọ̀ jù, yóò ya padà bo ojú ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá sì ti gan, ẹsẹ̀ kò ní wọlé. Oòrùn ní láti pa á díẹ̀, kí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín tó ń hù bí awọ yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ sì dì í mú, kí omi tó padà wá da ẹrẹ̀ mìíràn lé e lórí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìpele ń gorí ìpele, gbogbo rẹ̀ di òkúta, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lè ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Egungun tí a wú nílẹ̀ lè jẹ́ pé odò ló gbé e wá síbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ wà níbi tí ẹran ti tẹ ilẹ̀ gan-an. Bí ọdẹ ṣe ń mọ̀ lára ipasẹ̀ bóyá ẹran ń jẹ̀ ni tàbí ó ń sá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ka ti dáínósọ̀. Láti ọdún 1976 ni R. McNeill Alexander, onímọ̀ nípa ẹranko, ti fi ọ̀nà ìṣirò hàn tí a lè fi mọ bí ẹran náà ṣe yára tó, láti ara àlàfo tó wà láàárín ìṣísẹ̀ kan àti èkejì. Ipasẹ̀ náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé wọn kì í wọ́ ìrù nílẹ̀, nítorí ilà tí ìrù fà ṣọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Gbogbo ìmọ̀ yìí dúró lórí bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tó bá gé ẹyọ kan kúrò ti ba ìyókù jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe létí odò Paluxy ní Texas. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn kan ń gé ojú ẹsẹ̀ tà, àwọn mìíràn sì ń gbẹ́ ayédèrú. Àìrówó ló sún wọn dé ibẹ̀, a kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn onímọ̀ náà gé nínú rẹ̀. Ní 1940, Roland T. Bird, tó ń wá dáínósọ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, wú ọ̀wọ́ ipasẹ̀ kan níbẹ̀. Wọ́n pín in, apá kan lọ sí New York, apá kan lọ sí Austin, òmíràn sì sọnù. Fọ́tò tí Bird yà kí ó tó gé òkúta náà ni àwọn onímọ̀ lò ní 2014 láti fi kọ̀ǹpútà tún gbogbo rẹ̀ tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ká ní kò ya fọ́tò ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé sìmẹ́ǹtì àti ọ̀nà ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ ẹranko tó ti kú lọ. A mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn wà níbi ìfọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ló sábà ń kọ́kọ́ rí ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Ní Dewars Farm Quarry, ibi ìfọ́ òkúta kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ kan tó ń fi katakata kó amọ̀ kúrò lórí òkúta ló fura sí àwọn gegele kan. Ilé iṣẹ́ náà yọ̀ǹda ibẹ̀, àwọn olùwádìí tó lé ní 100 sì wá ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Wọ́n rí nǹkan bí 200 ojú ẹsẹ̀ tó ti wà fún 166 mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì ya fọ́tò tó tó 20,000. Ní Switzerland, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà A16, ìwádìí ipasẹ̀ wà nínú ètò ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ láti 2000 dé 2011. Ọ̀nà náà parí.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti pàtẹ́wọ́ tán. Òjò máa ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, nítorí omi òjò ní èròjà kíkan nínú. Níbi tí òtútù ti ń mú, omi tó wọnú ihò rẹ̀ a dì, a sì là á. Bí àwọn àlejò bá tún ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ojú ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ tó báyìí lè ṣá lójú ọmọ aráyé láàárín ìran kan ṣoṣo. Ní Pedreira do Galinha ní Potogí kan náà, wọ́n dá fífọ́ òkúta dúró nítorí ipasẹ̀ kan tó gùn tó 147 mítà, tí wọ́n rí ní 1994. Ìjọba kéde ibẹ̀ ní ohun àjogúnbá ní 1996, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó. Irú ibẹ̀ nílò òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò máa darí omi kúrò lórí rẹ̀, tí yóò sì máa wo gbogbo ibi tó bá ń sán.

Nítorí náà, kí òfin sọ ọ́ di dandan pé ìwé ìkéde gbọ́dọ̀ dárúkọ iye owó ìtọ́jú ọdọọdún àti ẹni tí yóò san án. Kí apá kan rẹ̀ ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lára òkúta náà wá. Kí wọ́n ya gbogbo ojú ẹsẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, kí gígé rẹ̀ sì jẹ́ ohun àṣeìkẹyìn. Níbi tí owó kò bá sí, kí wọ́n fi aṣọ ààbò àti erùpẹ̀ bò ó padà lọ́dún tí wọ́n rí i náà, kí wọ́n má sì dúró de ìlérí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.