Ìborí funfun yẹn kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ obìnrin Mennonite

Fídíò náà kì í tán lórí WhatsApp. Obìnrin òyìnbó kan jókòó sínú kẹ̀kẹ́ dúdú tí ẹṣin ń fà, ìborí funfun wà lórí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í yí padà: "Ẹ wo àwọn tí kì í lo iná ní Amẹ́ríkà!" "Ẹrú ọkọ ni gbogbo wọn, wọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀." Ẹnìkan á ní Amish ni, ẹlòmíì á ní Mennonite ni, ẹni kẹta á ní ọ̀kan náà ni méjèèjì. Orúkọ ìjọ Kristẹni ni méjèèjì. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ kúrò nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń pe ará Kérúbù ní ará Sẹ̀lẹ́ torí pé ó rí aṣọ funfun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbí gan-an nìyẹn. Zürich ní Switzerland ni àwọn kan ti kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1525, wọ́n ní ẹni tó bá ti lè yàn fúnra rẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n rì bọmi. Menno Simons, fádà ìjọ Àgùdà kan ní Friesland ní ilẹ̀ Netherlands, fi iṣẹ́ fádà sílẹ̀ lọ́dún 1536, ó bá irú wọn lọ, orúkọ rẹ̀ ló sì mọ́ wọn lára tí wọ́n fi ń jẹ́ Mennonite. Nígbà tó di 1693, Jakob Ammann, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ní kí wọ́n máa yẹra pátápátá fún ẹni tí ìjọ bá lé jáde, kódà nídìí oúnjẹ. Ìyẹn ló dá ìyapa sílẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni Amish. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ilé ló yàtọ̀.

Mennonite fúnra wọn pọ̀ lónírúurú. Àwọn àti àwọn ìjọ tó bá wọn tan lé ní mílíọ̀nù méjì káàkiri ayé, àwọn tó ń gbé lẹ́yìn òde Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù. Ethiopia àti Kóńgò kún fún wọn. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀: ọdún 1959 ni Edwin àti Irene Weaver, tọkọtaya míṣọ́nnárì, dé sí Uyo, ìjọ Mennonite sì ń bẹ ní Akwa Ibom dòní. Ẹṣin kankan ò fà wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo sá fún obìnrin inú fídíò o. Bó bá jẹ́ Lancaster ní Pennsylvania ló ń gbé, tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ sì dúdú, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ ará Groffdale, ẹgbẹ́ Mennonite tó dá dúró lọ́dún 1927 torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Moses Horning gbà kí ìjọ máa ra ọkọ̀, kìkì pé kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ibi tó ń dán lára rẹ̀. Joseph Wenger àti àwọn tirẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ẹṣin ti tó àwọn. (Kẹ̀kẹ́ àwọn Amish tó wà ní Lancaster kan náà, àwọ̀ eérú ló ní.)

Ibi ọ̀rọ̀ iná ni ẹnu ti yà mí. Ará Groffdale ń lo iná mànàmáná nílé. Fíríìjì ń bẹ, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń bẹ, tẹlifóònù ń bẹ. Iná obìnrin yìí ṣeé gbára lé ju tèmi àti tiyín lọ! Tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn ò gbà. Katakata wà lóko pẹ̀lú, àmọ́ ẹsẹ̀ irin ló ní, kò ní táyà. Ta ló ń yọ táyà lẹ́sẹ̀ katakata tó ń fi irin rọ́pò? Ẹni tó mọ̀ pé bó bá ní táyà, lónìí ọmọ á gùn ún lọ sọ́jà, lọ́la á gùn ún lọ sílùú kejì, kò sì ní pẹ́ tó fi máa di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìdílé. Irin ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóko. Lójú títì, ṣe ló máa gbo èèyàn jìgìjìgì. Àwọn tí ẹ ní wọn ò mọ ẹ̀rọ ló jókòó, tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò fínnífínní, tí wọ́n sì fi ààlà sí i kí ilé má bàa jìnnà sí ilé. Èèyàn lè má fara mọ́ ọn. Èmi ò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ti "ẹrú ọkọ" ńkọ́? Màlúù oníwàrà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sìn. Màlúù ò mọ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ sì ti wà nídìí rẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́. Ọmọ mẹ́jọ kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Bí ìgbà oòrùn bá dé, tòmátì, àgbàdo àti èso píìsì á kún ilé ìdáná. Wọ́n á kó wọn sínú ìgò, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á sè é tòun tìgò, kó lè jẹ́ jíjẹ nígbà òtútù. Ewébẹ̀ tó bá ṣẹ́kù á lọ sórí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà tàbí sí ibi gbàǹjo. Lọ́pọ̀ ilé, ìyàwó náà ló ń dá iye lé e, òun ló ń ṣírò owó. Àwọn ìyá tiwa ní àpò tiwọn lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: àpò ìdílé kan ṣoṣo ni tiwọn, ilẹ̀ Lancaster sì wọ́n bí ojú.

Mi ò sọ pé ohun gbogbo dọ́gba. Ọkọ ni olórí ilé, obìnrin kì í wàásù ní Groffdale, ẹ̀kọ́ ọmọ sì ń parí ní kíláàsì kẹjọ. Ní Bolivia, níbi tí àwọn ibùdó tó há mọ́ra jù wà, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì gbọ́ èdè ìlú tí wọ́n ń gbé, àwọn ọkùnrin kan fipá bá obìnrin lò láàárín 2005 sí 2009, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba àwọn obìnrin náà gbọ́. Ọdún 2011 ni wọ́n rán méje lára àwọn ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25.

Àmọ́ pé gbogbo wọn "ò lẹ́nu ọ̀rọ̀"? Bí ará Groffdale bá fẹ́ yan oníwàásù, tọkùnrin tobìnrin tó ti ṣèrìbọmi ló ń dárúkọ ẹni tó wù wọ́n, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Ní Netherlands, ìjọ Mennonite ló fi Anna Zernike jẹ pásítọ̀ lọ́dún 1911, obìnrin àkọ́kọ́ nínú ìjọ kankan lórílẹ̀-èdè náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Ann Allebach jẹ tirẹ̀ ní Philadelphia. Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà títí dòní.

Ìwé àwọn ajẹ́rìíkú wọn, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1660, ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Mennonite. Inú rẹ̀ ni ìtàn Maeyken Wens wà, obìnrin kan lára wọn tí wọ́n dáná sun ní Antwerp lóṣù kẹwàá ọdún 1573. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rù ohun tó lè sọ létí èrò débi pé wọ́n fi irin de ahọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó mú un jáde. Adriaen, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 15, gbé àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta dání, ó gun orí bẹ́ǹṣì kó lè rí ìyá rẹ̀, àmọ́ ó dákú kí iná tó ràn. Nígbà tó jí, tí èrò ti tú ká, ó lọ tú eérú náà títí ó fi rí irin tó de ahọ́n ìyá rẹ̀, ó sì mú un, ó fi pamọ́.