Ẹ Yéé Fi Dùùrù Sọ Ọkọ Di Ọkọ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí ló dé gan-an? Ohùn dùùrù lẹ máa ń kọ́kọ́ tò, ẹ ó wá máa fipá ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ki ẹsẹ̀ àgbà bọ bàtà ọmọdé. "Ọkọ mi", re-re-re ni. Ẹ kọ ọ́ ní re-do-re, ó di ọkọ̀ mi. Ìyàwó ń fi mọ́tò yangàn níwájú pẹpẹ!

Bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè. Kò pọn dandan kó jẹ́ do-re-mi géérégé, kó ṣáà má dojú rú. Ẹsẹ̀ kejì ló máa ń bà jẹ́ jù, torí ohùn ẹsẹ̀ kìíní lẹ tún gbé wọ̀ ọ́ láìwo àmì rárá.

Ẹ wá gba ohùn orin náà sílẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fáànù ń hó, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọwọ́ òsì ń lu kọ́ọ̀dù bo ohùn ọkùnrin mọ́lẹ̀. Ìwé orin ní C, àmọ́ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn dùùrù sókè sódò, wà lórí +3, E♭ ló ń dún! Èwo ni ká kọ? Ẹ dá a padà sí 0, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu akọrin, kì í ṣe sípíkà, kẹ́ ẹ sì fi sol-fa àti ọ̀rọ̀ tó lámì tì í.