Ẹni Tó Lé Eku Méjì: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Ọmọbìnrin Tó Ń Gbá Softball

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí ò jìnnà sẹ́nu àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Houston, Dallas, Atlanta àti Maryland, àgàgà láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n bá ti gbé àga kalẹ̀ létí pápá tí ọmọ wọn obìnrin ti ń gbá softball, eré tó jọ baseball, tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù. Kóòṣì á ní kí ọmọ fi ipò shortstop, tó wà láàárín béèsì kejì àti ìkẹta, sílẹ̀, kó lọ dúró lẹ́yìn pápá, lókèèrè sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, fún inning (ìpín eré) méjì. Bàbá á ti nàró: "Kóòṣì, shortstop lọmọ mi o. Ẹ jẹ́ kó gbájú mọ́ nǹkan kan." Ọmọ tí à ń wí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 9 ni.

Òwe ò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n pa á fún? Ọdẹ ni. Ọdẹ tó ti mọ igbó, tó mọ ihò tí eku ń gbà wọlé àtèyí tó ń gbà jáde. Eku méjì bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì. Ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yan èyí tó máa lé. Òwe náà ò ní kí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ igbó má mọ̀ ju ẹnu ihò kan ṣoṣo lọ. Ẹnu àwọn àgbà yìí kan náà la sì ti gbọ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òbí ò ju èyí lọ. Títí ọmọ á fi pé ọdún 12, ẹ jẹ́ kó yí pápá ká, kó tọ́ gbogbo ipò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wò. Láàárín ọdún 13 sí 14, kí ó kù sí méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá tó ọmọ ọdún 15 tàbí 16, nígbà náà ni kí ipò kan jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kó sì ní ìkejì tó lè gbà láìfòyà.

Kí ni kóòṣì ń wò lára ọmọ ọdún 9? Ìwọ̀n ara ni. Èyí tó ga jù á lọ sí first base, ìyẹn béèsì àkọ́kọ́, torí ó lè na ara gbá bọ́ọ̀lù mú. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á lọ sí center field, àárín ẹ̀yìn pápá. Èyí tó ń já koríko ṣeré á bá ara rẹ̀ ní right field, apá ọ̀tún ẹ̀yìn pápá, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ọdún mẹ́rin sí i, ara ti yí padà. Ìgbà tí ọmọbìnrin ń yára ga jù bọ́ sí àkókò yìí gan-an. Èyí tó ga jù nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè má ga ju ẹnikẹ́ni lọ bó bá di ọmọ ọdún 14, kékeré tó wà ní right field sì lè ti ní apá tó lágbára ju ti gbogbo wọn lọ. Bí a bá ti fi ipò dè wọ́n, ta ló máa mọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó ń dùn mí. Tí ọmọ wa, ọmọ dúdú, bá ti lè sáré díẹ̀, kíá ni wọ́n á ní ìyára nìkan lẹ̀bùn rẹ̀. Wọ́n á gbé e sẹ́yìn pápá, wọ́n á ní kó máa dúró sápá òsì, kó fi igi ta bọ́ọ̀lù díẹ̀ kó sì sáré, ó di ọdún márùn-ún kò tíì fojú kan ibi tí catcher, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, ń lóṣòó sí. Ẹsẹ̀ yíyá dára. Àmọ́ ọmọ yẹn lójú, ó ní làákàyè, ó sì ní ohùn tó lè fi darí ẹgbẹ́. Ẹ bi kóòṣì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìgbà wo ló máa jẹ́ kó dán ibòmíì wò.

Pápá fúnra rẹ̀ ń yí padà. Àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 10 lọ ń lo bọ́ọ̀lù tí yíká rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 11, pitcher wọn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a, sì ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 35. Ní ìpele ọdún 12, bọ́ọ̀lù á di íǹṣì 12, ọ̀nà á di ẹsẹ̀ bàtà 40. Tó bá di ìpele ọdún 14, ó di ẹsẹ̀ bàtà 43, iye yẹn náà ni wọ́n ń lò títí dé yunifásítì. Ọmọ tó jẹ́ ọba láti ẹsẹ̀ bàtà 35 lè dé 43 kó rí i pé bọ́ọ̀lù òun ò débẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ti mọ iṣẹ́ míì, á sún síbẹ̀ láìsunkún. Bí ò bá mọ̀ ọ́n, ilé ló máa sún sí.

Ìmọ̀ ipò kan sì máa ń ran òmíràn lọ́wọ́. Ẹ wo ọmọ shortstop yẹn tí wọ́n rán lọ sẹ́yìn pápá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gòkè, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, bí wọ́n ti ń ṣe níwájú pápá. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó lọ kan ògiri. Nígbà tí wọ́n gbá ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ò kúrò lókè. Ó mú un, ó fò díẹ̀ kí apá rẹ̀ lè rí agbára, ó wá wò ó pé ta lòun máa jù ú sí. Kò sẹ́nìkan! Ẹni tó gba ipò shortstop gbàgbé láti jáde wá pàdé bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Kò sí àlàyé kóòṣì tó tó ìṣẹ́jú yẹn. Lọ́jọ́ tó bá padà sí ipò rẹ̀, á mọ ibi tó yẹ kóun dúró sí, á sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kẹ́ni tó wà lẹ́yìn lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ catcher: òun nìkan ló kọjú sí àwọn mẹ́jọ yòókù, gbogbo eré ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ tó bá lóṣòó níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Pitcher ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Apá á yí po láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á tún padà wá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ á já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Kí gbogbo èyí tó bọ́ sí i lára, ọdún púpọ̀ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 14 á bá àwọn tó ti ń jù ú láti kékeré níwájú. Nítorí náà, ọmọ tó bá fẹ́ ẹ, ẹ wá olùkọ́ fún un, kó máa jù ú lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tó jókòó lórí garawa. Ṣùgbọ́n ká kọ́ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ká fi iṣẹ́ náà ti ọmọ mọ́lé.

Ìdí àkọ́kọ́ ni apá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé torí apá ń ti ìsàlẹ̀ jù ú, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn oníṣègùn eré ìdárayá ti wọn agbára tó ń fa èjìká àwọn pitcher softball, wọ́n sì rí i pé kò jìnnà sí ti àwọn tó ń jù ú láti òkè nínú baseball. Síbẹ̀ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: nínú baseball ti Little League, àjọ eré àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún 9 tàbí 10 ò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 75 lọ lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ sinmi. Fún softball, inning ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka iye ìgbà tó jù ú. Nínú ìdíje òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ kan lè jù ú ní Sátidé láàárọ̀, kó tún jù ú lọ́sàn-án, kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú, kí gbogbo ayé sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ máa kà á fúnra yín. Ẹ mú bébà àti bírò dání. Bọ́mọ bá ní èjìká ń dun òun, ẹ má ṣe ní kó mú ọkàn le. Ọmọ tó bá ní ibòmíì tó lè ṣeré sí lè sinmi apá láìkúrò nínú ẹgbẹ́.

Ìdí kejì ni igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Òfin softball gbà kí ẹnìkan wà tí wọ́n ń pè ní DP (designated player), tó máa gbá bọ́ọ̀lù nípò ẹlòmíì. Pitcher ni wọ́n sábà máa ń gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ pitcher nìkan láti ọmọ ọdún 11 lè dé ìparí ilé ìwé girama láìmọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ẹ wo Lisa Fernandez tó ṣeré fún yunifásítì UCLA: nígbà ayé eré rẹ̀, lọ́jọ́ tí kò bá ju bọ́ọ̀lù, third base (béèsì kẹta) ló máa ń dúró sí, igi rẹ̀ sì le bí apá rẹ̀. Ó gba wúrà Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1996, 2000 àti 2004. Rachel Garcia, tóun náà jẹ́ pitcher UCLA nígbà yẹn, ju bọ́ọ̀lù fún inning 10 nígbà tí wọ́n pàdé yunifásítì Washington ní Oklahoma City lọ́dún 2019, kò jẹ́ kí wọ́n gba àmì ayò kan ṣoṣo, òun náà ló sì gbé igi tó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá tí eré fi parí sí 3-0. Bí wọ́n bá ti gba igi lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kékeré ńkọ́?

Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba òbí nímọ̀ràn pé kí ọmọ má ṣe fi eré ìdárayá mọ sórí ẹyọ kan títí á fi pé ọmọ ọdún 15 tàbí 16, kó máa sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kó sì fi odindi oṣù mẹ́ta lọ́dún, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sinmi kúrò nínú eré tó fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ oríṣi eré ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti ipò lórí pápá. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn yẹn bá ipò náà mu, torí ara kan náà ni, ọkàn kan náà ni.

Mo mọ ohun tó ń kán àwọn òbí lójú. Owó yunifásítì ni. Tẹ́lẹ̀, àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń bá ọmọ ọdún 12, 13 ṣàdéhùn lẹ́nu lásán pé wọ́n á gbà á, èyí ló jẹ́ kí ìyá ọmọ máa sáré kí ọmọ lè ní orúkọ sí ipò kan. Lọ́dún 2018, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, fòpin sí i: kóòṣì ò gbọ́dọ̀ bá ọmọ tàbí òbí sọ̀rọ̀ nípa gbígbà á ṣáájú September 1 ọdún tó wọ kíláàsì kọkànlá. Àkókò tí ẹ ní ti gùn sí i, kí ló wá dé tí ẹ fi ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 12 péré ni ilé ìwé Division I (ìpele tó ga jù) kọ̀ọ̀kan lè fún ẹgbẹ́ softball rẹ̀, wọ́n sì máa ń pín in sí wẹ́wẹ́ fún ogún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2025, àwọn ilé ìwé tó wọ àdéhùn ilé ẹjọ́ tuntun ti NCAA ò ní òté yẹn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè ní ju èèyàn 25 lọ. Kóòṣì tí àyè rẹ̀ kò ju 25 lọ á fẹ́ràn ọmọ tó lè ṣe second base lónìí, tó sì lè ṣe left field lọ́la.

Àwọn kan á ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mo gbà. Ìwà ọmọ ni wọ́n ń wí níbẹ̀. Kó máa dé pápá lásìkò, kó máa kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má máa fojú burúkú wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe àṣìṣe, kó máa dá kóòṣì lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ̀ka tó yẹ ká tètè gé nìyẹn. Ẹ̀bùn ọmọ kọ́.

Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì ní ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ipò shortstop, second base àti third base ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí ó gbọ́dọ̀ yí ara padà kó tó lè ju bọ́ọ̀lù sí first base, ẹni tó ń sáré sì lè débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. First base, pitcher àti ẹ̀yìn pápá ló rọrùn jù fún un. Síbẹ̀, ibi mẹ́ta nìyẹn, kó kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tí ọmọ bá wá di ọmọ ọdún 15, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í: ibo lo ti máa ń fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wá sọ́dọ̀ rẹ nígbà tí eré bá le? Ọmọ tó ti yí pápá ká á mọ èsì rẹ̀. Ẹ bi kóòṣì náà, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá bára mu, iṣẹ́ ti yá. Kó máa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún bọ́ọ̀lù nípò yẹn lọ́sẹ̀, ẹni tó lé eku méjì nígbà yìí á pòfo lóòótọ́. Kí ẹ ya fídíò rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí kóòṣì yunifásítì bá lè fèsì: kí ipò rẹ̀ gan-an ṣáájú, kí ipò kejì tẹ̀ lé e, kí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe ń sáré láti ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì àkọ́kọ́, láìgé e, kí wọ́n lè ka àáyá rẹ̀ fúnra wọn.