Ẹni tó ṣíwájú tábìlì kọ́ ló ń gba ife Super League

Wọ́n ń pín in kiri pé nínú Super League, ìdíje rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó bá parí sáà lókè tábìlì ló gba ife, àti pé jìbìtì ni ilé tẹ́tẹ́ tó bá kọ̀ láti sanwó lé e lórí ń lù. Irọ́ ni.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní 1996 àti 1997, tí St Helens àti Bradford gbà á. Ṣùgbọ́n láti 1998 ni Grand Final, ìyẹn àṣekágbá tí àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan tó wà lókè tábìlì ń bá ara wọn díje láti dé, ti ń pinnu ẹni tó gba ife, ní Old Trafford (ọdún kòrónà nìkan ni wọ́n gbé e lọ sí Hull). Asà ni wọ́n ń fún ẹni tó ṣíwájú tábìlì.

Ẹ wo Leeds. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe ní 2011, wọ́n sì na St Helens 32 sí 16 láti gba ife. Ní 2012, láti ipò karùn-ún kan náà, wọ́n na Warrington 26 sí 18. Warrington yìí gan-an ló ṣíwájú tábìlì ní 2011. Wọn ò tilẹ̀ dé àṣekágbá! Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ pé wọ́n á gba ife lọ́dún náà ti pàdánù owó rẹ̀, kò sí jìbìtì níbẹ̀.